Súwẹ́tà Aya Ìgàndò

Mi ò kì í bọ̀rọ̀ gba ènìyàn gbọ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Bí alápatà bá fi ènì sí ẹran fún mi, màá tú ẹran náà wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò nídìí àtẹ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ sínú igbó ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi pé kí n la ojú mi.

Ayé ìjọba ológun ni. Ẹgbẹ́dá là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ní táyà gbàǹgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú nígbà yẹn, ọkọ mi àti ọkùnrin mẹ́rin ládùúgbò wa sì ra tiwọn. Gbogbo wọn, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, orí àga ni wọ́n ń jókòó sí láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Bó bá wá di Sátidé, wọ́n á kọrí sí ọ̀nà Ayọ̀bọ̀, tó jẹ́ pé oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n á máa gun òkè ilẹ̀ pupa kan tó wà níbẹ̀, wọ́n á tún máa sọ̀ ọ́. Àgbàlagbà tó ti bímọ! Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi nígbà tí mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn mẹ́rin yòókù á ti délé ní aago mọ́kànlá. Tèmi á dé ní aago méjì.

"Níbo lẹ yà sí?" ni mo bi í.

"Mo yà kí ènìyàn kan ní Ìgàndò."

Ènìyàn kan! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí ò lórúkọ, tí ò ní bàbá, tí ò ní ìyá. Irú "ènìyàn kan" bẹ́ẹ̀ ló ń tú ilé ká. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, "Dádì" ni mò ń pè é. Nínú mi lọ́hùn-ún, "ìwọ ọkùnrin yìí" ni.

Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ fọ ṣòkòtò tó fi ń gun kẹ̀kẹ́, mo bá bá ìwé kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Mi ò tú àpò rẹ̀ o, aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀. Ó dáa, mo tú u. Ìkọ̀wé rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó: "Satide. Igando. Suweta to nipon, fun aya."

Mo jókòó lórí korobá tí mo fẹ́ fi fọṣọ. Aya! Èmi tí mo bímọ méjì fún un, "ìyàwó" ló ń pè mí. Ta ló ń pe ènìyàn ní aya láyé òde òní? Inú Bíbélì ni mo ti máa ń rí i, àti lẹ́nu àlùfáà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyẹn ni pé kì í ṣe àlè lásán ló wà ní Ìgàndò. Ó ti gbé e níyàwó!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bí a ṣe ń jẹun alẹ́, ọkùnrin yìí wò mí lójú, ó ní, "Ìyàwó, bó o bá dé ọjà Ìkòtún, bá mi yan súwẹ́tà kan nídìí òkìríkà. Bí a bá gun òkè tán, òógùn á gbẹ mọ́ mi lára, ọyẹ́ á wá máa fẹ́ sí mi. Èyí tó nípọn ni kó o mú. Kó tóbi díẹ̀, kó má fún mọ́ ara."

Kó tóbi! Ọkọ mi rèé, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló ṣeé kà láti òkèèrè. Ta ló fẹ́ wọ súwẹ́tà tó tóbi? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ibì kan ṣoṣo ló já sí: obìnrin náà ti lóyún. Èmi ni wọ́n sì ń rán pé kí n lọ yan aṣọ fún orogún mi. Mo ní, "Ẹ má dààmú, Dádì. Màá bá yín mú un bọ̀."

Àárọ̀ kùtù ni mo dé Ìkòtún, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn bélì aṣọ òkìríkà, tí òórùn káńfọ̀ ṣì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta òkìríkà ni oníbàárà mi. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló fẹ́ máa wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti gùn ún tán. Ó mi orí.

"Ẹni tó bá làágùn, ẹ má wo ìta súwẹ́tà fún un o. Inú ni kẹ́ ẹ wò."

Ó yọ ọ̀kan tó dúdú bí aró, tó ní fìlà lẹ́yìn, ó sì yí inú rẹ̀ síta. Òwú inú rẹ̀ rọ̀ bí irun orí ìkókó. "Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ," ló wí. Mo gbé e sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ, èémí mi ò ríbi gbà kọjá, ó padà wá lù mí nímú. Mo na ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó súnkì padà sáyè rẹ̀. Mo gbé e sójú oòrùn, kò ní ihò kan ṣoṣo.

Mo tún rí ọ̀kan nínú òkìtì náà, aláwọ̀ òféèfèé, tó ń dán, tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí níwájú. Mo fẹ́ ẹ. Eṣinṣin tó bà lé òdì kejì rẹ̀ fò lọ.

"Ìyẹn ò dáa fún òtútù o," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀ṣọ́ lásán ni."

Mo ní kó di méjèèjì fún mi.

Nígbà yẹn, aṣọ òkú òyìnbó la máa ń pe òkìríkà, a kì í sì í wọ̀ ọ́ láì kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹ́. Mo rẹ èyí tó nípọn dáadáa, torí èmi ni mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, mo ká a, mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó fẹ́lẹ́, omi lásán ni mo fi ṣàn án. Bí òkú òyìnbó bá wà nínú ẹ̀, kó máa bá ará Ìgàndò jà!

Mo gbé ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ fún ọkọ mi. Ó fi ìka méjì pa á wò.

"Ṣé òun nìkan ló wà lọ́jà ni?"

"Òun nìkan ló wà," ni mo wí.

"O ṣeun, ìyàwó mi."

Ohun tí mò ń retí ni pé kó padà dé lọ́jọ́ Sátidé láìsí súwẹ́tà náà, kí n rí ẹ̀rí mi mú. Ọyẹ́ ọjọ́ náà le débi pé ètè wa ń bẹ́. Aago méjì ó lé, ó dé. Súwẹ́tà pẹ́pẹ́yẹ wà lọ́rùn rẹ̀, ó tutù rinrin, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Mo ní, háà, àṣé ìyàwó Ìgàndò náà kọ aṣọ náà! Inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ̀, inú mi dùn.

Ní Sọ́ńdè, ara rẹ̀ gbóná. Ní Mọ́ńdè, kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ikọ́ tó ń wú, bí ẹni pé ó fẹ́ já ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́. Mo ń fún un lómi gbígbóná, mo ń pa epo sí i láyà, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń bá a jà.

Ọ̀sán Túsìdè, mo gbọ́ ohùn obìnrin lójúlé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ rèé? Ará Ìgàndò ni mí." Mo so ìró mi le, mo jáde láti lọ pàdé rẹ̀.

Màmá arúgbó ni. Irun rẹ̀ funfun báláú, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, báàgì aláwọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lòun, pé ọkọ mi máa ń ya ọ̀dọ̀ òun ní Sátidé láti ìgbà tó ti ṣubú lórí òkè Ayọ̀bọ̀, tí kò lè mí dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ló wá sọ fún òun pé kò gbádùn.

"Mo ní kó ra súwẹ́tà tó nípọn, tó fẹ̀ dáadáa, kó lè wọ̀ ọ́ lé àwọn aṣọ mìíràn lórí bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, fún àyà rẹ̀."

"Fún aya rẹ̀?" Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

"Àyà! Àyà!" Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igbá àyà ara rẹ̀ gbàgbà. "Ikọ́ ló pa bàbá rẹ̀, ṣé o ò mọ̀ ni? Mo ní kó sọ fún ọ, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní tóun bá sọ fún ọ, o ò ní lè sùn mọ́."

Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo fa àpótí mi yọ. Mo gbé ọkọ mi jókòó, mo bọ́ ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ kúrò lára rẹ̀, mo sì wọ èyí tó nípọn fún un, mo fa fìlà rẹ̀ bò ó lórí. Ó wo súwẹ́tà náà, ó wo àpótí, ó wò mí.

"Ó wà nílé látọjọ́ yìí?"

"Ẹ má bínú, Dádì. Mo rò pé ìyàwó yín ní Ìgàndò lẹ fẹ́ fún."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́ kó rí i rín.

Ó tó oṣù méjì kó tó dìde dáadáa, kò sì gun òkè mọ́ láyé rẹ̀. Ó ta kẹ̀kẹ́ náà fún ẹnì kan ní Dòpèmú. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, lọ́dọọdún, súwẹ́tà yẹn ló máa wọ̀ jókòó sí pálọ̀, kò sì sí àlejò tó máa wọlé tí kò ní yìn ín.

"Ìyàwó mi ló bá mi yàn án ní Ìkòtún," ni ọkọ mi á wí. Á wá yíjú sí mi. "Ó ní òun nìkan ló wà lọ́jà."

Mo ti wo ojú rẹ̀ títí, mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni àbí kì í ṣe àwàdà. Màá ní ọbẹ̀ fẹ́ jóná, màá sì sáré wọ kíṣìnnì.