Ìgò Ìtọ̀ àti Àwo Ẹ̀bà Kan

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá lọ́wọ́, katakata ni mo ń wà. Ilé onípákó kan ní Dutse Alhaji ni èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, wẹ́dà ará Ọ̀yọ́, jọ ń gbé. Àwo kan náà la fi ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwo yẹn.

Ni òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ bá gbé òfin tuntun dé: gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀ sínú ìgò, wọ́n ń wá oògùn olóró.

Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣẹ̀sín. "Tìrẹ yìí, gàrí nìkan ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì sáìtì, obìnrin ará Kabba, bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò lo nǹkan kan."

Irọ́ ni. Katakata ti gbọn ẹ̀yìn mi jìgìjìgì títí ó fi ń dùn mí, mo sì ti yọ́ lọ sí ọsibítù ní Suleja, dókítà fún mi ní hóró oògùn ìrora. Ṣùgbọ́n ta ní í tú àìsàn rẹ̀ fún àjèjì? Awakọ̀ tó bá sì sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, ẹlòmíràn ni yóò gun ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ò mọ̀.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n ní mọ́fíìnì, ọ̀kan nínú oògùn olóró tí wọ́n ń wá, wà nínú ìtọ̀ mi. Bí mi ò bá rí àlàyé ṣe di ọjọ́ Ẹtì, kí n kẹ́rù mi.

Mọ́fíìnì! Èmi tí n kì í mu sìgá. Oògùn dókítà ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Kódíìnì ni wọ́n kọ sára ìyẹn. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ní àbúrò kan tó ń wá iṣẹ́ awakọ̀. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló ń se ọbẹ̀ wa.

Nírọ̀lẹ́, mo tẹ imú bọ ọbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ń gbóòórùn ọbẹ̀ bí ajá ọdẹ?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ ná."

"Èmi? Kai!" Ó wò mí títí. Ó gé ẹ̀bà sí méjì, ó gbé tirẹ̀ sórí ọmọrí ìkòkò, ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó de ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà nọ́ọ̀sì. Ìrora ẹ̀yìn gbé mi dìde. Mo yọ bébà oògùn ọsibítù lápò, mo mú hóró kan níbẹ̀, ó di ẹnu.

"Kí lẹ fẹ́ gbé mì yẹn?" Nọ́ọ̀sì ti yọjú. Ó gba bébà oògùn náà, ó kà á, ó lanu. "Kódíìnì! Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò lo nǹkan kan! Ọmọ ìyá mọ́fíìnì ni. Bó bá dénú ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di mọ́fíìnì. Ìtọ̀ ò lè sọ bóyá dókítà ló fún yín. Ó sì ń kun èèyàn lóorun, ẹ tún ń gun katakata!"

Bébà ọsibítù ló gbà mí. Wọ́n gbé mi kúrò lórí ẹ̀rọ títí oògùn fi tán, wọ́n tún ìtọ̀ mi yẹ̀ wò, wọ́n dá mi padà.

Mo sáré délé. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn ẹ̀yìn ni o! Ẹ foríjì mí."

"Yauwa. A dúpẹ́."

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mo lo tèmi ní àlòjù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ẹ̀bà, ó bu tèmi sínú àwo, ó sì na ọwọ́ mú ọmọrí ìkòkò fún tirẹ̀.