Ẹsẹ̀ Tó Mọ Ilẹ̀

Ẹsẹ̀-mọlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ́ ilẹ̀ oko dọ́gba, kó sì la kòtò tí omi yóò gbà jáde. Àwọn mìíràn a máa ta okùn láti fi mọ ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Òun a bọ́ bàtà, a rin oko já lẹ́yìn òjò. Ibi tó bá tutù jù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni kòtò yóò gbà.

Nígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, àkùrọ̀ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un. Ohun tí òun àtàwọn ọmọ yóò jẹ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a tẹ́ ẹ, ó la kòtò sí ìhà odò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ ní ta okùn ni?"

"Nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, ẹsẹ̀ yìí ti ń la kòtò."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ká ní ẹnu yín ni kòtò, oko ì bá ti gbẹ."

Àgbàdo ti ga dé orúnkún kí òjò ńlá tó dé. Omi kò lọ sódò. Ó yí padà, ó dúró sáàárín ebè. Àgbàdo pọ́n láti ìdí, ó jẹrà. Àbúrò wọ inú oko. Ó ń fà á tu, ó ń kó o jọ.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé omi gbígbóná sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀. Kò tíì bu omi tútù là á tí ọkùnrin náà ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Kò fa ẹsẹ̀ yọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Omi yẹn gbóná!"

Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

"Ó ti pẹ́?"

"Láti ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló gbẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí ni wọn ì bá wá máa pè mí?"

Nígbà tí egbò omi gbígbóná náà jinná, wọ́n padà sí àkùrọ̀. Àsìkò àgbàdo ti kọjá. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ló bọ́ tirẹ̀, ó ṣáájú, ó ń tẹ ẹrẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ibí yìí tutù, Ẹ̀gbọ́n."

"Bíi ti ìrì, àbí bíi ti ìdí ìkòkò omi?"

Ó dúró, ó rò ó. "Bíi ti ìkòkò."

Ọkùnrin náà ṣá ọkọ́ sí ojú ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi rọra sun wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn, òkìtì àgbàdo ṣì ń rùn.