Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ni Wọ́n Pè

Ìwé ìbí kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní àdúgbò Hamdalaye, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ni. Bàbá wa, tí wọ́n ń ta àgádágodo àti abọ́ tánganran ní ọjà Rood Woko, ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò sórí ìlà kí wọ́n tó rí i gbà. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn àgbà wa tó ti Èjìgbò wá ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè ṣe ń rò ó nìyẹn: ìwé wà fún ìjọba, ọmọ wà fún ilé, kí wá ni ilé kan fẹ́ fi ìwé méjì ṣe? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Kíláàsì kan náà ni wọ́n fi wá sí, kí a lè máa di ọwọ́ ara wa mú kọjá títì. Òun ló mọ̀wé nínú àwa méjèèjì. Èmi máa ń wo sílétì rẹ̀ kọ, òun náà á sì rọra yí i sọ́dọ̀ mi kí n lè rí i dáadáa. Nígbà tí ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama dé, wọ́n béèrè ìwé ìbí. Òun nìkan ló jókòó ṣe é, ó sì yege.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá bàbá wa ránṣẹ́ láti Èjìgbò pé ojú àwọn ti ń ṣú, àwọn ń fẹ́ ọmọbìnrin tí yóò máa pọnmi, tí yóò sì máa mú àwọn lọ́wọ́ dání. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n mú, torí òun ni àgbà. Ní ibùdókọ̀, ó fún mi ní rúlà rẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n jí i. Kò sunkún. Èmi ni mo sun ti àwa méjèèjì.

Bàbá wa ní àyè tó ti gbà nílé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Bí mo ṣe di ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo wọlé lórúkọ rẹ̀, mo ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe tèmi. Bí tíṣà bá pe orúkọ náà láàárọ̀, mo máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n àárò ẹni tó ni ín a sì máa sọ mí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun fi gbàjọba, tí gbogbo nǹkan yí padà, títí kan orúkọ orílẹ̀-èdè gan-an. Wọ́n ní ká gbin igi, a gbin igi. Wọ́n ní ká gbá títì, a gbá a. Nígbà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àdúgbò Pissy, kí a lọ máa di àwọn ọmọ mú. Àwọn ìyá wọn gòkè wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin kúkurú kan tó ń jágbe mọ́ tọmọdé tàgbà, wò mí, ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Nígbà tó ku ọdún kan kí n jáde, wọ́n gbé ìdíje tí wọ́n ń pè ní konkúù kalẹ̀ láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, lórí ara ènìyàn àti àìsàn. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń lọ tààrà. Bàbá wa fọwọ́ sọ̀yà.

"Bó o bá gba konkúù yìí, béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Wáláhì, mi ò ní kọ̀."

Mo ti mọ ohun tí màá béèrè kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Mo lọ bá bàbá oníṣòwò kan tó ń lọ sí Èjìgbò, mo ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó di ẹrù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi kún un pé, bí mo bá ti lè ṣe ipò kìíní nínú ìdíje, ó ń bọ̀ nílé nìyẹn. Mo wá jókòó ti ìwé. Egungun, ẹ̀jẹ̀, ibà, mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ kéwú ṣe ń há súrà.

Lọ́jọ́ ìdíje, èmi àti ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà la ṣẹ́ kù. Wọ́n béèrè ohun àkọ́kọ́ tí a ó fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Ó dárúkọ oògùn gígùn kan. Èmi ní omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí, torí nọ́ọ̀sì Pissy ti pariwo rẹ̀ mọ́ àwọn ìyá títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo dìde, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí òmùgọ̀, àfi bíi pé òun ló máa wọlé wá gbà á.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni bàbá wa ti pàdé mi.

"Alihamudulilai! Barka, ọmọ mi, barka! Ó yá, béèrè."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi padà wá."

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù, torí ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá bá wọn jà. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà.

"Dákọ̀, mo gbà. Mo ti ṣèlérí, mi ò ní yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ń ka orí ènìyàn láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo papíẹ̀ olúkúlùkù, ìwé ìjọba rẹ̀. Bí òun náà bá dé, ẹni méjì ló máa wà lórí ìwé kan. Èwo nínú yín ló máa wá lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Ìwọ sọ ọ́, èmi á ṣe é."

Ìyá wa ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọwọ́ wọn dúró. Mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́, mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

"Ẹ ra kẹ̀kẹ́ fún mi," ni mo wí.

Wọ́n rà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ṣe é dáadáa, mi ò ní parọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Orúkọ náà ni àwọn aláìsàn fi ń pè mí. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ fi sọ ọmọ wọn.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún tí mo gba ìdíje náà, bàbá oníṣòwò ti Èjìgbò dé, wọn ò tíì gbọ́ ìròyìn kankan. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi àwọn bóyá àwọn ni wọ́n rán wá mú òun.

"Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣe ipò kìíní. Mo tún ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo di kẹ̀kẹ́ mi mú. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ipò kejì ni mo ṣe.