Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ́kọ́ Tẹ̀ Sórí Fóònù

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú èyí tí kì í pariwo lórí páànù, tí kì í sì í tètè dá. Ojú ọ̀run ṣú bíi pé ilẹ̀ ò fẹ́ mọ́. Mo ti gbálẹ̀, mo ti dáná, mo ti jẹun, aago méje ò tíì lù. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ṣe ń gùn mọ́ mi lọ́wọ́ ní Benin látìgbà tí báǹkì tí ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ti gbé e lọ sí Kaduna, tí ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ilé.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin nìkan ló kù nítòsí. Ekosodin ló ń gbé, lẹ́bàá yunifásítì. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò lè kà á. Òyìnbó tàbí píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Mo fẹ́ kó wá bá mi jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá pè é, á ní òun wà ní kíláàsì. Ẹnu mi ò sì gbà á kí n máa fi ohùn bẹ ọmọdé. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ìyá àgbà mélòó kan ń kọ́ Òyìnbó kíkọ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. "I" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn mi. I am well. I cook. I want. Tíṣà wa, ọmọbìnrin Èkìtì kan, kò bínú rí. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni yẹn kọ́kọ́ mọ̀ ni kí ẹ fi síwájú. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ni, ẹ fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀." Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ "On Sunday". Mo wò ó títí. Ó le gbagidi. Nílé wa, ẹni tó bá wọlé tí kò kí èèyàn, tó kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó wá túfọ̀ òkú ni. Mo pa á rẹ́. Mo kí i dáadáa: How are you, how is your book, how are your friends, how is this rain. Mo ní lọ́kàn mi pé kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná, bí a ti ń ṣe, kí n tó sọ tẹnu mi.

Ó pẹ́ kí fóònù tó dún. "Fine, Mama. You too."

Ó parí. Ó rò pé mo kàn kí òun lásán ni. Mo di fóònù náà mú, mo ń wò ó bóyá nǹkan mìíràn á tẹ̀ lé e. Òjò ò dá.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún tẹ "On Sunday", mo fi "come and eat with me" tẹ̀ lé e, n kò kí i rárá. Ó ń ṣe mí bíi pé mo jáde láìwé gèlè. Kíá ló pè.

"Mama, who die?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ sè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń ṣàlàyé ní píjìn pé ìdánwò òun bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, òun ò lè kúrò nídìí ìwé. Mo ní kò burú, kó má ṣáà febi pa ara rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo se ẹ̀wà náà, mo rọ ọ́ sínú kúlà, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ekosodin.