Faransé ní Àgbàlá Dalenda

Àwọn tí kò mọ Dalenda dáadáa ló ń pè é ní tíṣà. Òótọ́ ni pé ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní èdè Faransé ní Metlaoui, ìlú ìwakùsà wa, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n àgbàlá rẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n sí ju ìyẹn lọ. Nígbà tí eruku ìwakùsà ti pa ọkọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ìlú Sfax, ilé náà dákẹ́ jù fún un. Ó bá ní kí àwa ọ̀dọ́ àdúgbò máa wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí a máa wá sọ Faransé.

Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, kò sí ìwé. Iṣẹ́ ilé ni à ń ṣe. A ń po ìyẹ̀fun, a ń lẹ búrẹ́dì mọ́ inú ààrò amọ̀, a ń bó ẹ̀wà tútù, lẹ́yìn náà a ta káàdì, a mu tíì. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Kódà bí ológbò bá yọjú sí ẹran, Faransé la fi ń lé e. Ẹni tí Lárúbáwá, èdè abínibí wa, bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló máa fọ ife. Èmi ni mo fọ ife jù nínú wa.

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó máa ń bí mi nínú ní ilé rẹ̀: kò sẹ́ni tó ń já a níyàn. Tó bá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú kuskus, iyọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kódà kí ó tẹ́ lẹ́nu bí omi. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde pé òun ń lọ sílé, Dalenda á ní kí ló ń sáré lọ ṣe, kó jókòó. Ẹni náà á ní, "Bí ẹ ṣe wí, Àǹtí," á sì jókòó padà. Tó bá pẹ́ díẹ̀, Dalenda fúnra rẹ̀ á ní kó máa lọ, ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Bí a ṣe ń bá àgbà ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn. O kọ́kọ́ gbà fún un, kí òun náà lè gbà fún ọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ nírú ẹ̀, ó kàn ń bá a nílé ni.

Wided ló mọ Faransé jù nínú wa. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí, ikọ́ eruku tó pa ọkọ Dalenda ló sì ń ṣe bàbá náà. Ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Faransé. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ti fẹ́ gbà á, ó ku kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Tunis, olú-ìlú wa. Tó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Àsìkò yẹn, ti Wided nìkan ni Dalenda ń ṣe. Á jókòó bí ọ̀gá tó wá láti òkèèrè fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, Wided á gbé tíì fún un, á béèrè àlàáfíà rẹ̀, á máa sọ ìdí tí òun fi fẹ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu ọmọ náà geere. Inú Dalenda dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Wided ti Tunis dé, inú bọ́ọ̀sì ló ti wá bá wa tààrà, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn mẹ́ta ló bá òun sọ̀rọ̀, bàbá arúgbó kan tí orí rẹ̀ funfun ló jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó ní bàbá náà bi òun nípa ilé àti iṣẹ́, òun dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní níwọ̀n ìgbà tí bàbá òun ń ṣàìsàn, tí kò sì sí ọmọ mìíràn, ṣé kò ní sàn kí òun dúró tì í nílé?

"Kí lo wá sọ?" ni mo bi í.

"Mo ní òótọ́ lẹ sọ, sà. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ yẹn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo wá ń retí kí òun náà ní kí n máa lọ kọ́ṣẹ́ mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ó tán. Bàbá dáadáa ni, ẹ ò rí i bó ṣe ń wò mí."

Mo wo ojú Dalenda. Ó ti bá àwọn Faransé ṣiṣẹ́ rí nígbà èwe rẹ̀, ó mọ̀ pé bí irú wọn bá béèrè irú ìbéèrè yẹn, ìjà ni wọ́n fẹ́ kí o bá wọn jà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ò ń wá ká ọ lára. Wided nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Wọn kò gbà á. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ilé ló yẹ kí òun wà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Wided kò wá. Dalenda kò dáná sínú ààrò. Ó ní lónìí, iyàn la máa jà. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní pupa ni, kí a sọ fún òun pé irọ́ lòún ń pa.

Hamdi, aláwàdà àárín wa, ló dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Irọ́ lẹ̀ ń pa, bí ẹ ṣe wí."

A rẹ́rìn-ín. Dalenda kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó jáde, mo bá tẹ̀ lé e.

Nílé Wided, ọmọ náà ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ tó ń wúkọ́. Bó ṣe rí wa, ó dìde, ó fẹnu ko orí Dalenda, ó nu ìjókòó fún un. Ojú rẹ̀ wú. Dalenda kò jókòó.

"Wided, èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni mo kọ́ ẹ. Mi ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, torí ó ń dùn mọ́ mi kí ẹ máa gbà fún mi. Bú mi, ọmọ mi. Sọ ọ́ sí mi lójú."

"Rárá o, Àǹtí," ni Wided wí. "Ẹ̀yin kọ́. Kádàrá ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa já Dalenda níyàn. Irọ́ ni Wided pa, Dalenda náà sì mọ̀ pé irọ́ ni.