Èèkàn Mẹ́fà Nínú Ọgbà Mi

Àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí òun ló kọ́kọ́ gún èèkàn mọ́ mi nínú ọgbà. Mi ò ní pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ wá ní Olódò mọ ẹni tí mò ń wí. Mo rántí ọjọ́ ìsinmi náà bí ẹni pé àná ni. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi, ọkọ mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Bí mo ṣe ṣí géètì ni mo rí èèkàn mẹ́fà láàárín gbágùúdá àti ìdí ọsàn mi, okùn ọ̀rá so wọ́n mọ́ra. Okùn náà pín ọgbà mi sí mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyáálé mi tó ti kú, ọ̀kan fún èmi àti àwọn ọmọ mi, ọ̀kan fún ẹni tó so okùn.

Ọdún méjìlá ni mo fi ju àbúrò ọkọ mi yìí lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò tó fi yege ìdánwò tó sọ ọ́ di akọ̀wé. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. "Ẹ" ni mò ń pè é, "ìwọ" ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú.

Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Olódò ṣì jẹ́ oko. Ọkọ mi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí àárín tiwa, ó fi àyè sílẹ̀ yí i ká. Kí n má purọ́, èmi gan-an ni mo máa ń bá a jà lórí àyè yẹn. Mo ní kó kọ́ yàrá mẹ́fà sẹ́yìn ká fi gba ayálégbé. Á ní, "Pulánù ò gbà á." Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń fi pulánù bojú. Tíṣà jọ́gíráfì sì ni mí o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó ní Lalupon, pé kí àwọn ọmọ fi ìwọ̀n ilẹ̀ pín iye ènìyàn tó ń gbé orí rẹ̀. Mo mọ ti àwọn ìlú òkèèrè tí èrò kún bí eéṣú, mi ò mọ ti ẹ̀yìnkùlé mi.

Mo fa èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tu, mo kó wọn sí ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kejì mo gbé pulánù ilé wa dání, ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí, kí n padà wá. Mo padà wá, wọ́n ní ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Nígbà kẹta, mo gbé àpótí ìjókòó tèmi lọ, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó lé e. Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ló wá pè mí wọlé.

"Mọ́mì, kànga yín dà?" Mo tọ́ka sí i lórí pulánù. "Sókawéè tí ilé ìyàgbẹ́ yín ń ṣàn sí ńkọ́?" Mo tọ́ka sí ìyẹn náà. Ó fi bíírò fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. "Ilẹ̀ àárín méjèèjì yìí ló ń bá yín sẹ́ omi yín. Tí ilé méjì bá tún wọ ibí, sókawéè méjì ló tẹ̀ lé wọn yẹn. Níbo ni ilẹ̀ ti fẹ́ ráyè sẹ́ ẹ?"

Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ fún àdúgbò wa pé pulọ́ọ̀tì kan, ilé kan. Ilé náà ò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù kó tó kan odi. Mo wo ìlà bíírò yẹn títí. Ọkọ mi ò ya ọ̀lẹ rárá. Òun ló mọ jọ́gíráfì nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí ẹbí pé láti pín ogún, mo se iṣu fún wọn. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí, àbúrò bàbá ọkọ mi, jẹ ẹ́, ó ní iṣu náà jinná dáadáa.

"Èèkàn tí ọkọ mi yìí gún sínú ọgbà ni mo fi dáná rẹ̀, Mààmi. Igi náà gbẹ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àbúrò ọkọ mi rọra gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, o ti dàgbà ju eléyìí lọ. Ìdí-igi méjì, ìyá ọmọ méjì, ni ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀. Bí a ṣe ń pín ogún nílé wa nìyẹn kí o tó dé."

"Mi ò ní kí ẹ má pín ogún. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé, kí àwọn ọmọ ìyáálé mi mú méjì lónìí. Ilẹ̀ ni a ò ní gé. Ìpín kẹta tí ẹ̀yin wá mú ńkọ́, èwo nínú àwa ìyàwó ló bí yín fún ọkọ mi?"

Ó yíjú sí àwọn ará ilé. "Ẹ ò rí tíṣà bí? Ilẹ̀ gbọọrọ, ó ń fi wòran. Ṣé àyè ni wọ́n ń jẹ? Àwọn àgbà ní yàrá kékeré gba ogún ọ̀rẹ́."

"Ó gbà wọ́n," mo ní. "Ṣùgbọ́n sókawéè kékeré ò gba ìgbẹ́ ogún ọ̀rẹ́."

Mo wá tẹ́ pulánù sílẹ̀, mo fi ìlà bíírò náà hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé bí òṣìṣẹ́bìnrin yẹn ṣe ṣàlàyé fún mi. Ìyá àgbà ò mọ̀wé, síbẹ̀ òun ló tètè yé jù. Ó ní, "Nígbà tí a wà lábúlé, ta ló ń gbẹ́ ṣalángá sí etí odò tí a ń mu? Ẹ fi ilẹ̀ ìyàwó sílẹ̀ bó ṣe wà." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Àwọn ọmọ ìyáálé mi gba yàrá méjì, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bá mi gbé títí dòní. Wọn ò fìgbà kan bèèrè èèkàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ọkọ mi bá kọjú sí pulọ́ọ̀tì tirẹ̀. Yàrá méjìlá ló kọ́ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níwájú, ó lẹ ilé náà mọ́ odi mi débi pé mò ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ẹ̀bà. Ibi tó ṣẹ́ kù fún un ló gbẹ́ kànga sí, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí sókawéè. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Wọ́n wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀dà funfun ti bo ọ̀dà pupa, kò sì sẹ́ni tó padà wá wò ó. Mo tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń pè mí ní ìyá oníwèé-ẹ̀sùn ní àdúgbò, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Lọ́dún kẹta, omi kànga rẹ̀ ń rùn. Inú ń run àwọn ọmọ ayálégbé, àwọn kan kó lọ. Kànga tèmi wà ní ìhà kejì, gbogbo ọgbà ló wà láàárín, omi rẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo jẹ́ kí àwọn ayálégbé máa wá pọn, torí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó ni ilé nìkan ni mo sọ fún pé kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni wá pọn tirẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Wọ́n ní inú mi le. Ó le. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, èmi kọ́ ni mo pa òwe náà.

Ọdún pọ̀ tó fi ń ra omi kiri dípò kó wọlé mi. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, mo jókòó lábẹ́ igi ọsàn mi ní ìyálẹ̀ta, géètì dún. Òun ni, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ibi tó gún èèkàn sí náà ló gbà kọjá, atẹ́gùn ń fẹ́ ewé gbágùúdá. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu dè é láti ọjọ́ yìí wá. Ó dúró, ó wo ọgbà náà yí ká, ó wo ìjókòó kejì tí ọkọ mi máa ń lò.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n jókòó sínú àyè yìí díẹ̀, kí n tó pọn omi mi."