Ìdọ̀bálẹ̀ Akínwùmí

Àbúrò mi ni Akínwùmí. Káfíńtà ni, àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìlá. Ẹni tó bá ní kò lẹ́kọ̀ọ́, irọ́ ló ń pa. Láti kékeré ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbà, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, ìyá wa á sì máa ráhùn pé ọṣẹ kò ní kù nílé.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, gbogbo àdúgbò ló di dókítà. Jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní. Kó yéé jẹ nǹkan dídùn, kó máa mu àgbo. Ó mu àgbo kíkorò títí ṣòkòtò fi ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó ń bí mi nínú títí dòní! Ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nídìí, orúkọ kan ṣoṣo la ní fún un, kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́ mọ́ rárá, ni mo tó fipá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n bá níbẹ̀. Dókítà Hadassah tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi.

"Mà, ká ní wọ́n tètè wá ni, ihò kéékèèké là bá fi ṣe é. Báyìí, a ní láti la ikùn."

Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n gé díẹ̀ mọ́ ọn lára èyí tó dára, wọ́n sì kó àwọn kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àrùn má baà sá pamọ́ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n rán pọ̀ nílò ìsinmi, nítorí náà wọ́n fa ìfun jáde síta ikùn, àpò kékeré kan ló ń gba ìgbẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá a padà. Àrùn náà kò tíì dé ẹ̀dọ̀. Dókítà ní ìrètí wà, kó ṣáà gba oògùn tó kù pé, kó má gbé ẹrù, kó má sì fi ikùn lélẹ̀.

Bàbá Ọláwuyì, olórí ẹbí wa, ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé tí jẹjẹrẹ wà. A bá ń sọ fáráyé pé Akínwùmí lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó.

Nígbà ọdún Ìsìnrò ìlú wa, àwọn ọmọ ilé wa tó wà lẹ́yìn odi dé, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ Bàbá. Akínwùmí wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Mobọ́lájí, àbúrò mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Akínwùmí, bú sẹ́rìn-ín.

"Èkó ti sọ ẹ́ di ọ̀gá! O ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́?"

Mo wojú Bàbá. Wọ́n mọ̀! Gbólóhùn kan péré ni wọn ì bá sọ láti gbà á sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Akínwùmí, ṣe bí ọmọ."

Àbúrò mi sì ń sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ó fọwọ́ kan di ikùn mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dìde!" Mo lọgun. "Kò lọ Èkó kankan! Jẹjẹrẹ ni, wọ́n la ikùn rẹ̀ ni! Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò ó! Ṣé kí ìfun rẹ̀ tú jáde ni kẹ́ ẹ tó gbà pé ó bọ̀wọ̀ fún yín?"

N kò kúnlẹ̀, n kò sì tọrọ àforíjì. Mobọ́lájí fúnra rẹ̀ ló gbé Akínwùmí sórí àga. Bàbá dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo tẹ̀ lé wọn, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi.

Wọ́n fara ti ògiri. "Ìyábọ̀, dókítà yẹn, ṣé ó máa ń yẹ arúgbó wò?"

"Kí ló dé, Bàbá?"

Wọ́n wolẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn. Èmi náà ń rí i, láti ọdún Àjíǹde. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nínú ilé."

Mo kọjú sí fèrèsé pálọ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi pariwo.

"Mobọ́lájí! Gbé mọ́tò rẹ jáde! Bàbá náà ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀!"